Kálámù Tí Wọ́n Gbé Kúrò Lórí Wèrè, Orí Ta Ni Ó Bọ́ Sí?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, ẹ̀rín ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ìpàdé àsàlátù wa kan, ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin wa tí ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tí wọ́n rán wọn lọ kọ́ṣẹ́ dé. Ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ni. Bí a ṣe ń dúró de ẹni tí yóò ṣe wáàsí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀. Ó dìde dúró, ó sín ọkùnrin kan jẹ tí ó máa ń ki ara rẹ̀ bí ọba láràárọ̀. Ó tún ṣe bí obìnrin kan tí ó máa ń bá ògiri jà. Arábìnrin yìí mọ̀ ọ́n ṣe. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú àwọn ẹlòmíràn. Àwa tí à ń kọ ọ̀rọ̀ yìí náà rẹ́rìn-ín, a kò ní purọ́ fún yín.

Arákùnrin kan jókòó sẹ́yìn tí kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìpàdé tú, ó dúró dè wá níbi tí a kó bàtà sí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, irú wọ́ọ̀dù yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi wà. Ọdún kẹta nìyí. Ìyá mi kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú àsàlátù yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀." Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Ó ti gbà wá láàyè láti kọ ọ́ báyìí, láìdárúkọ.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé wèrè dùn ún wò, kò dùn ún bí. A ti pa òwe yìí láìmọye ìgbà. Ọjọ́ yẹn ni ó tó yé wa pé ẹni tí ń wò ó àti ẹni tí ó bí i lè jọ jókòó lórí ẹní kan náà, kí ẹnì kan máa rẹ́rìn-ín, kí ẹnì kejì máa gbé omijé mì.

ILÉ WA NI WỌ́N TI KỌ́ Ọ

Ẹ má jẹ́ kí á di gbogbo ẹ̀bi lé arábìnrin wa lórí. Kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni ó ti kọ́ ẹ̀rín yẹn. Kí ó tó wọ aṣọ funfun ni ó ti mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí a wà ní kékeré, a máa ń tẹ̀ lé wèrè kiri ìgboro, à ń sọ ọ́ ní òkò, kò sí àgbàlagbà tí ó bá wa wí. Bí ọmọ kò bá tètè gbọ́ ohun tí a wí, a ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Àrò. Bí ẹnì kan bá wọ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ kò bára mu, a ó bi í bóyá Yábà ni ó ti ń bọ̀. Orúkọ ilé ìwòsàn ti di èébú lẹ́nu wa. Ta ni yóò wá fẹ́ kí wọ́n rí òun lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀?

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ọpọlọ láti Ìbàdàn ṣe ìwádìí kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Ògùn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2005. Ènìyàn tí ó lé ní 2,000 ni wọ́n bi léèrè. Nínú 100 ènìyàn, ó lé ní 96 tí wọ́n gbà pé oníjàgídíjàgan tí ó léwu ni alárùn ọpọlọ. Nǹkan bí 83 sọ pé ẹ̀rù yóò ba àwọn láti bá a sọ̀rọ̀ lásán. Àwọn tí wọ́n sọ pé àwọn lè rò ó láti fẹ́ ẹ, wọn kò ju 17 lọ. Àwa nìyẹn. Ilẹ̀ Yorùbá nìyẹn, mùsùlùmí rẹ̀ àti ẹlẹ́sìn mìíràn.

Inú 100 ènìyàn wọ̀nyí ni a ti ń mú ọ̀dọ́ tí yóò di dókítà, tí yóò di nọ́ọ̀sì, tí yóò di apòògùn. Bí ó bá wọ ilé ẹ̀kọ́, wọn yóò kọ́ ọ ní orúkọ àrùn àti orúkọ oògùn. Ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọn yóò fi rán an lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ọpọlọ, ìgbà tí àìsàn aláìsàn bá sì le jù lọ ni yóò bá a níbẹ̀. Kò ní rí i nígbà tí ara rẹ̀ bá yá tí ó padà sídìí iṣẹ́ télọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó gbé wọlé láti ìgboro ni yóò gbé jáde, àfi bí ẹnì kan bá jókòó tì í kí ó bá a tú u wò. Iṣẹ́ tí a fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ lónìí nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ AKẸ́KỌ̀Ọ́ ÌṢÈGÙN

Lẹ́yìn tí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí èyí ní ìpàdé ọ̀sẹ̀ kejì, arákùnrin mìíràn wá bá wa nílé. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí òun sùn dáadáa.

Ó ní wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Ọmọbìnrin náà ti ń gba ìtọ́jú àrùn ọpọlọ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú fáìlì rẹ̀. Ó ń sọ pé inú ń run òun. Ó tún ń sọ pé ẹnì kan ni ó gbé ejò sí òun nínú. Arákùnrin wa gbọ́ ọ̀rọ̀ ejò, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rírun mọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìṣe àìsàn rẹ̀ ni, kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Ó ní kí òun má purọ́, ẹ̀rù ń ba òun, ara òun sì kọ̀ ọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ni dókítà àgbà fọwọ́ tẹ ikùn ọmọbìnrin náà, tí ó sì ké. Apẹ́ńdíìsì rẹ̀ ti bẹ́. Wọ́n sáré ṣe iṣẹ́ abẹ, Ọlọ́hun yọ ọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó dìde.

Ó wá bi wá pé, "Ẹ̀gbọ́n, n kò pe ẹ̀rù yẹn, òun ni ó wá bá mi. N kò sì bú u, n kò nà án. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni mo dá?"

Ìbéèrè gidi ni. A kò fẹ́ dá a lóhùn pẹ̀lú ìkánjú, nítorí pé ẹni tí ó bá bi irú ìbéèrè yìí, ọkàn rẹ̀ kò tíì kú.

Èsì àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀rù tí ó wá fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí Ànábì wa, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa ni pé Ọlọ́hun ti ṣàmójúkúrò fún ìjọ yìí nínú ohun tí ọkàn wọn ń bá wọn sọ, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá tíì fi ẹnu sọ ọ́, tí wọn kò sì tíì fi ṣiṣẹ́ ṣe. Ẹ̀rù dà bí ẹyẹ tí ó fò kọjá lórí ẹni, a kò lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n bí ó bá bà lé wa lórí, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìtẹ́, tí àwa fúnra wa ń bá a ṣa koríko, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ẹyẹ.

Èsì kejì ni pé ẹ̀rù arákùnrin wa ti di iṣẹ́ ọwọ́. Ó di ìlà tí ó kọ sínú fáìlì. Ó di ọwọ́ tí kò nà sí ikùn aláìsàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ìwà ìkà kò sí àfi kí a lu ènìyàn tàbí kí a bú u. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ tí a kò ṣe náà wà nínú ohun tí wọn yóò bi wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tí àrùn ọpọlọ wọn le máa ń kú ní ọdún 10 sí 20 ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Kì í ṣe wèrè gan-an ni ó ń pa púpọ̀ nínú wọn. Àrùn ọkàn, àrùn ẹ̀dọ̀fóró, ìtọ̀ ṣúgà, irú àwọn àìsàn tí à ń tètè rí lára ẹlòmíràn ni. Ohun kan lára ìdí rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ké, a ó ní wèrè ni ó ń ké.

KÍ NI IYÌ ÈNÌYÀN RỌ̀ MỌ́?

Ẹ jẹ́ kí á wá gbẹ́ ìdí ọ̀rọ̀ yìí dé ìsàlẹ̀. Kí ni ó mú kí ara wa tètè kọ alárùn ọpọlọ, nígbà tí ara wa kò kọ alárùn ibà tàbí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán? A rò pé ìdí rẹ̀ nìyí: láìsọ ọ́ jáde, a ti gbà lọ́kàn wa pé làákàyè ni ó sọ ènìyàn di ènìyàn. Bí làákàyè bá lọ, a ó máa wo ẹni náà bí ilé tí onílé ti kó jáde. Ta ni yóò kí ilé òfìfo?

Ẹlòmíràn tilẹ̀ lè fi ẹ̀sìn gbè é lẹ́yìn. Yóò ní, ṣebí hádíìsì wà pé wọ́n ti gbé kálámù kúrò lórí ẹni mẹ́ta: ẹni tí ó sùn títí yóò fi jí, ọmọdé títí yóò fi bàlágà, àti wèrè títí ọpọlọ rẹ̀ yóò fi padà bọ̀ sípò. Bí Ọlọ́hun kò bá kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ mọ́, ṣé kì í ṣe pé kò sí nínú ìwé mọ́ ni?

Àṣìṣe ńlá ni. Ẹ wo àwọn méjì tí wọ́n jọ tò ó pọ̀ mọ́. Ta ni nínú wa tí ó rò pé ọmọ rẹ̀ tí kò tíì bàlágà kò níyì? Ta ni yóò gbà kí wọ́n fi ẹni tí ó sùn ṣe yẹ̀yẹ́, tàbí kí wọ́n kó o lẹ́rù lọ, nítorí pé kò mọ ohun tí ó ń lọ? Wọn kò gbé kálámù kúrò lórí wọn nítorí pé wọn kò já mọ́ nǹkan. Wọ́n gbé e kúrò láti ṣàánú wọn ni.

Ẹ tún wo ohun tí sàríà wa ṣe. Ohun tí ó wúwo lórí wèrè, ó sọ ọ́ kalẹ̀ fún un: kìrun, ààwẹ̀, ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò mú ẹyọ kan nínú rẹ̀. Bí bàbá rẹ̀ bá kú, ìpín rẹ̀ nínú ogún pé pérépéré bí ti arákùnrin rẹ̀ tí ọpọlọ rẹ̀ dá ṣáṣá. Ohun ìní rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, alámòójútó kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni, nínú Súrátù Nísáì sì ni Ọlọ́hun ti pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi bọ́ irú wọn, kí wọ́n máa fi wọ̀ wọ́n láṣọ, kí wọ́n sì máa bá wọn sọ ọ̀rọ̀ tí ó dára. Ẹ kíyè sí èyí tí ó kẹ́yìn yẹn. Oúnjẹ àti aṣọ nìkan kò tó, ọ̀rọ̀ rere wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá pa wèrè, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹran. Bí ó bá sì kú ikú Ọlọ́hun, a ó wẹ̀ ẹ́, a ó fi aṣọ funfun dì í, a ó tò sí ẹsẹ, a ó kírun sí i lára.

Ibi tí a dé rèé. Bí ẹ̀tọ́ rẹ̀ bá pé síbẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì lè bèèrè rẹ̀ mọ́, a jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò dúró fún ẹ̀tọ́ náà. Kálámù tí wọ́n gbé kúrò lórí rẹ̀ kò lọ dùbúlẹ̀ sínú àpótí. Ó bọ́ sórí wa. Ohun tí a ṣe sí i, ohun tí a sọ fún un, ohun tí a kọ sínú fáìlì rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ, àwa ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí lọ́rùn. Lọ́jọ́ Àlùkìyáámà, òun yóò kọjá láìsí ìwé fún ìgbà tí ó fi wà nínú àìsàn. Àwa ni a ó dúró.

Ànábì wa ti fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nínú hádíìsì tí Ánásì gbà wá, obìnrin kan wà ní Mẹ̀dínà tí nǹkan kan ń ṣe ọpọlọ rẹ̀. Ó wá bá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun pé òun ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ bá a sọ. Ànábì kò lé e, kò sì ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn fún un. Ó ní kí ó mú ojú ọ̀nà tí ó bá wù ú, òun yóò bá a gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó sì dúró tì í ní gbangba títí ó fi sọ ohun tí ó fẹ́ sọ tán. Ẹni tí ó ń darí ìlú, tí ogun ń bẹ níwájú rẹ̀ tí àwọn aṣojú ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, ó ráyè fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta kò wá ráyè?

Ẹ má sì gbàgbé pé àwọn aláìgbàgbọ́ Mẹ́kà pe Ànábì fúnra rẹ̀ ní wèrè, tí Ọlọ́hun fi sọ̀kalẹ̀ nínú Àlùkùránì pé irọ́ ni. Wọ́n mọ̀ pé orúkọ yẹn ni ó lè tètè sọ ọ̀rọ̀ ènìyàn di aláìníláárí. Ohun tí à ń lo orúkọ náà fún náà nìyẹn títí dòní.

ÀWÍJÀRE MẸ́TA

A ti gbọ́ àwíjàre mẹ́ta lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. A kò ní fi ọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn.

Àkọ́kọ́: "Wọ́n léwu." Òótọ́ ni pé aláìsàn kan lè gbéjà koni nígbà tí àìsàn rẹ̀ bá gbóná, ẹni tí ó bá sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń ṣọ́ra. Igi gángánrán má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra yàtọ̀ sí ìkórìíra. Ìṣọ́ra ní ìwọ̀n, ó máa ń wo ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ kí ó tó dájọ́. Ìkórìíra kì í wo ẹnikẹ́ni. Ohun tí à ń pè ní wèrè kì í ṣe ohun kan ṣoṣo: abísínwín wà níbẹ̀, ìbànújẹ́ tí ó di àrùn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè dìde lórí ibùsùn wà níbẹ̀, ìpayà tí kò nídìí wà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ fún ọdún 2019 pé ènìyàn kan nínú 8 láyé ni irú àìsàn yìí kan wà lára rẹ̀. Ẹ ka ẹsẹ kan nínú mọ́ṣáláṣí yín lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tí ń bọ̀, kí ẹ pín in. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò ní gbé ọwọ́ sókè sí ẹnikẹ́ni láé. Àwọn ni wọ́n ń lù jù.

Èkejì: "Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi fà á, igbó ni ó ń mu." Nínú ìwádìí tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, oògùn olóró ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ dárúkọ pé ó ń fa wèrè. A kò sọ pé oògùn olóró dára. Hàràámù ni, ó sì ń ba ọpọlọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ alárùn ọpọlọ ni kò fẹnu kan nǹkan kan rí. Èyí tí ó sì fẹnu kàn án ńkọ́? Bí ọmọ bá gun ọsàn olọ́sàn, tí ó já bọ́, tí apá rẹ̀ kán, ṣé a kì í gbé e lọ bá atẹ́gungun? Awakọ̀ tí ó sáré àsápajúdé tí ó fi ní jàǹbá, ṣé dókítà kì í rán ọgbẹ́ rẹ̀? Ẹ̀bi jẹ́ ti ilé ẹjọ́ àti ti Ọba Olódùmarè. Ibi ìtọ́jú kì í ṣe ibi tí a ti ń gbọ́ ẹjọ́.

Ẹ̀kẹta ni ó sún mọ́ àwa Mùsùlùmí jù: "Àlùjọ̀nnú ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn." A gbà pé àlùjọ̀nnú wà, Àlùkùránì ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti gbà pé wọ́n wà jẹ́ ọ̀kan, láti tọ́ka sí ẹnì kan pé àwọn ni wọ́n wà lórí rẹ̀ jẹ́ òmíràn. Ta ni ó sọ fún ọ? Ànábì pàṣẹ pé kí á wá ìwòsàn, ó sì fi dá wa lójú pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ̀kalẹ̀ tí kò sọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Bí áàfáà bá ka Àlùkùránì sí aláìsàn létí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, a kò rí aburú kankan níbẹ̀, kò sì dí abẹ́rẹ́ dókítà lọ́wọ́. Ẹgba ńkọ́? Ẹ̀wọ̀n ńkọ́? Fífi ebi pa á ńkọ́? Hádíìsì wà pé ẹni tí ó bá ń ṣe ìṣègùn láìjẹ́ ẹni tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, òun ni yóò dáhùn fún ohun tí ó bá bàjẹ́.

Ó yẹ kí ojú tì wá níbí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Kàdúná tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ilé kéwú, wọ́n bá ọkùnrin àti ọmọkùnrin tí wọ́n lé ní 300 níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn wà nínú ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún yẹn kan náà ni Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde pé wọ́n ń de àwọn alárùn ọpọlọ mọ́lẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, ní ilé àwọn áàfáà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, àti ní àwọn ibi kan tí ó jẹ́ ti ìjọba pàápàá. A kò lè sọ pé ti ṣọ́ọ̀ṣì ni ó burú. Tiwa wà níbẹ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN AṢÍWÁJÚ ṢE

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ wa rí bẹ́ẹ̀, nítorí a ní àpẹẹrẹ lẹ́yìn wa. Ní ọ̀rúndún kẹwàá, ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí kan tí ó ń jẹ́ Abu Zayd al-Balkhi, tí ó kú ní ọdún 934, kọ ìwé lórí ìtọ́jú ara àti ìtọ́jú ọkàn. Ó ṣàlàyé pé bí ara ṣe ń ṣàìsàn ni ọkàn náà ń ṣàìsàn, àti pé dókítà tí ó bá ń wo ara nìkan kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ní ọdún 1284, Sultan Qalawun kọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan sí Cairo tí ó gba olówó àti tálákà, ọkùnrin àti obìnrin, ó sì ní ààyè fún àwọn alárùn ọpọlọ. Ní ọdún 1354, wọ́n dá òmíràn sílẹ̀ ní Aleppo, ní ilẹ̀ Síríà, tí òkìkí rẹ̀ kàn fún ìtọ́jú wọn. Àgbàlá wà níbẹ̀, ìsun omi wà níbẹ̀ kí ọkàn wọn lè rọ̀. A kò sọ pé wọn kò lo ẹ̀wọ̀n rárá láyé ìgbà náà. Ohun tí à ń sọ ni pé aláìsàn ni wọ́n kà wọ́n sí, owó wákàfù àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n sì fi ń tọ́jú wọn.

Ẹ tún wo ìtòsí. Ní Èkó, ọdún 1907 ni àwọn òyìnbó ṣí ilé tí wọ́n ń kó wèrè sí ní Yábà, bí ẹni ń kó ẹrú sí àhámọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ìlànà mìíràn ní Àrò. Ó ní kí aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ kan jọ wá máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò lọ gba ìtọ́jú. Bí ọjọ́ bá rọ̀, yóò padà sílé, yóò jẹun pẹ̀lú ènìyàn. Ayé gbọ́ nípa rẹ̀, wọ́n wá wò ó láti òkè òkun. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà wọ́ wa dé: Àrò tí ayé wá kọ́gbọ́n níbẹ̀ ni àwa ọmọ onílé ń fi bú ara wa.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ó gba ipò òfin wèrè tí a jogún láti ayé àwọn òyìnbó. Ẹ̀tọ́ aláìsàn wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í wọ wọ́ọ̀dù lóru. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru yẹn ni òfin.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ìlera, ohun tí a bẹ̀ yín kò pọ̀. Ẹ máa pe aláìsàn ní orúkọ rẹ̀. Bí ó bá ju yín lọ lọ́jọ́ orí, ẹ kí i bí ọmọ Yorùbá ti ń kí àgbà, ẹ má tìtorí àìsàn sọ ọ́ di "ìwọ". Bí ó bá ní nǹkan ń dun òun, ẹ fọwọ́ kàn án kí ẹ tó pè é ní ìsọkúsọ. Ọ̀rọ̀ ejò lè jẹ́ ti àìsàn, kí ọ̀rọ̀ inú rírun jẹ́ òótọ́. Ohun tí ẹ rí níbẹ̀, àmáánà ni, kì í ṣe ohun tí a fi ń dá ọ̀rẹ́ lára yá. Ẹ sì wá ọjọ́ kan kí ẹ bá ẹni tí ara rẹ̀ ti yá jókòó, kí ẹ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ó ti rí. Èyí yóò kọ́ yín ju ìwé lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ìlera, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ẹnu yín ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́ èébú yẹn. Nínú Súrátù Hújúrátì, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ẹni tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lè dára jù wá lọ lọ́dọ̀ Rẹ̀.

Arákùnrin wa akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn béèrè bóyá ó dẹ́ṣẹ̀. A sọ fún un pé kí ó tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n kí ó má fi mọ síbẹ̀, nítorí ẹ̀tọ́ ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ó padà lọ bẹ ọmọbìnrin náà. Ó ní ọmọbìnrin náà wò ó títí, ó wá ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ padà wá. Wọn kì í padà wá."

Arábìnrin wa nọ́ọ̀sì náà gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, láìmọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ó sunkún. Ní ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e, ó dìde, ó tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ gbogbo wa. Arákùnrin tí ó máa ń jókòó sẹ́yìn wà níbẹ̀. Kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé èyí, ìyá rẹ̀ wá sí àsàlátù, ó sì ní kí á bá òun ṣe adúà fún ọmọ òun tí ara rẹ̀ kò yá. Ó dárúkọ àìsàn náà. Láti ọdún mẹ́ta, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Kí Ọlọ́hun bá wa wo gbogbo àwọn tí àrùn ọpọlọ ń bá jà. Kí Ó fún àwọn tí ń tọ́jú wọn ní sùúrù àti láádá. Kí Ó má ṣe gba ọpọlọ wa lọ́wọ́ wa, bí ó bá sì jẹ́ kádàrá wa, kí Ó fi wá lé ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ pé kálámù wà lórí òun. Àmín.